Omi Opó Kì í Gbóná

Ní ilé ọkọ mi, omi opó kì í gbóná. Ohun tí Alájì Lásísì sọ nìyẹn lọ́sẹ̀ tí a sin Yasser ọkọ mi, kò sì sí ẹni tó bi í pé ibo ló ti rí i. Àbúrò bàbá ọkọ mi ni, òun sì ni olórí ilé. Ó ní bí opó bá ń fi omi gbígbóná wẹ̀, ara rẹ̀ á máa rántí ohun tó yẹ kó gbàgbé. Omi tútù ni kí wọ́n máa fún mi.

Màámá, ìyá ọkọ mi, ló ta kò ó. Ó dàgbà ju Alájì lọ, ṣùgbọ́n "ọkọ mi" ló ń pè é, bí àwọn ìyàwó ilé ṣe máa ń pe àbúrò ọkọ wọn.

"Ọkọ mi, nínú ọyẹ́ yìí? Ọmọ mi tí mo pàdánù kò tíì tó ni? Ṣé ẹ tún fẹ́ kí n sin ìyàwó rẹ̀ ni?"

Wọ́n fà á síwájú, wọ́n fà á sẹ́yìn, títí wọ́n fi gbà pé omi náà kò ní gbóná, kò sì ní tutù. Á kàn lọ́ wọ́ọ́wọ́. Alájì dìde, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí bọ́tìnì àgbá omi gbígbóná tó wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ wálẹ̀, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí di ọjọ́ tí n ó jáde nínú opó. Gbogbo wa rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀.

Yasser ló ra àgbá náà. Àyà Màámá kò dára, òtútù òwúrọ̀ a sì máa mú u láyà. Ni ọkọ mi bá pe àwọn oníṣẹ́ omi, wọ́n fa ọ̀pá omi méjì jáde lára àgbá. Ọ̀kan lọ sí ilé ìwẹ̀ Màámá nísàlẹ̀, ìkejì gun ògiri lọ sókè, sí ilé ìwẹ̀ tó wà nínú yàrá èmi àti òun. Ilé àtijọ́ ni, irú èyí tí àwọn tó ti Brazil dé kọ́ sílẹ̀ fún ọmọ wọn, ògiri rẹ̀ nípọn débi pé ó gba àwọn oníṣẹ́ náà lásìkò gan-an kí wọ́n tó lu ú já. Nígbà tí omi gbígbóná kọ́kọ́ rọ̀ sórí Màámá láti òkè, ó pariwo nínú ilé ìwẹ̀ bí ọmọdé. Yasser dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló gbá a lójú ọ̀nà Adjarra. Ọjọ́ kejì ni Alájì fi àgádágodo ti yàrá wa lókè, ó ní kò sí ẹni tó máa wọ ibẹ̀ títí a ó fi pín ogún. Wọ́n kó mi wá sí yàrá kékeré kan nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwẹ̀ Màámá. Ibẹ̀ ni mo ti ń jókòó opó olóṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, ilé ìwẹ̀ Màámá ni mo sì ti ń wẹ̀.

Yàrá náà ní fèrèsé kan tó kọjú sí òpópónà Djègan-Kpèvi, àdúgbò wa. Rachidath, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, ló pa ìlẹ̀kùn pákó rẹ̀ dé, ó fi àlàfo kékeré sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Láti ibẹ̀ mo ń rí ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá, táyà alùpùpù, àti ìdajì igi máńgòrò kan. Bí ọwọ́ mi bá dilẹ̀, mo máa ń fi ọkàn parí igi náà. Mo máa ń fún un ní ẹ̀ka, mo máa ń fún un ní ẹyẹ, mo máa ń gun orí rẹ̀ lọ títí mo fi ń rí òrùlé ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń dirí ní Houinmè. Murielle, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, a máa pè mí lórí fóònù.

"Fadila, àwọn oníbàárà ń bèèrè ọwọ́ ẹ o. Wọ́n ní èmi ń di irun wọn bí ẹni ń di igi ìdáná."

"Sọ fún wọn pé mò ń bọ̀. Kò kù ju oṣù kan lọ mọ́."

Oṣù kan yẹn ni mo ń gbé nínú rẹ̀. Mo ti mọ ọ̀nà tí n ó gbà, mo ti mọ ẹni tí n ó kọ́kọ́ kí. Ìyá mi ní Adjarra ti ní òun á dúró sójú ọ̀nà dè mí.

Nígbà náà ni Màámá ṣàìsàn. Ó kọ́kọ́ ní orí ń fọ́ òun, a fún un ní oògùn ibà. Nígbà tó ṣe, ara rẹ̀ gbóná bí ààrò, ó ń wúkọ́, ó sì ń sọ kátikàti. Ó pè mí ní Yasser. Ó ní kí n lọ ti ìlẹ̀kùn kí adìyẹ má bàa wọlé. A kò ní adìyẹ kankan. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ lójú mi, mo bá wọn dé ẹnu ọ̀nà, Rachidath sì na ọwọ́ sí mi láyà.

"Ibo lò ń lọ? Opó ni ẹ́."

Mo padà sórí ẹní. Gbogbo ìgbà tó fi wà ní ilé ìwòsàn, mo ń bi ara mi ohun tí n ó ṣe bí wọ́n bá gbé e padà tí kò mí mọ́. Òun nìkan ló ń bá mi jẹun nínú ilé yẹn. Àwọn yòókù ń gbé oúnjẹ mi sẹ́nu ọ̀nà ni.

Ọjọ́ kan tí Rachidath ń bó iṣu ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí mo jókòó lẹ́nu yàrá mi, fóònù rẹ̀ dún. Ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́, ló bá fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ lórí ìjókòó kí ohùn rẹ̀ lè jáde síta. Dókítà Rolande ni, obìnrin tó ń tọ́jú Màámá. Ó ní ara rẹ̀ ti ń balẹ̀, wọn kò ní pẹ́ dá a sílẹ̀.

"Ṣùgbọ́n a ti rí kòkòrò tó wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, mo sì fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Báwo ni Màámá ṣe ń wẹ̀ nílé?"

Rachidath wò mí, ó rẹ́rìn-ín. "Bí gbogbo ènìyàn ṣe ń wẹ̀ ni, dókítà. Ó ń bọ́ aṣọ."

"Ṣé nínú garawa ni, àbí lábẹ́ omi tó ń rọ̀ láti òkè?"

"Láti òkè ni. A ní àgbá omi gbígbóná."

"Báwo ló ṣe ń gbóná tó?"

"Kò gbóná. Ó ń lọ́ wọ́ọ́wọ́ ni. A yí i wálẹ̀."

"Ṣé ọ̀pá omi kan wà nínú ilé tí ẹ kò lò mọ́?"

"Ti òkè. Yàrá àbúrò mi tó kú. A ti tì í pa."

"Ẹ gbọ́, Madame. Kòkòrò yìí, ojú kò lè rí i. Nínú omi tútù, kì í lè bí sí i. Omi tó gbóná gan-an ń pa á. Lílọ́wọ́ọ́wọ́ ló fẹ́, àti omi tó dúró sójú kan. Kì í ṣe ẹnu ló sábà ń gbà wọlé. Bí omi bá ń fọ́n láti òkè, ó máa ń di ìkùukùu wẹ́wẹ́, ènìyàn á mí i sínú. Ẹni tí ara rẹ̀ le lè má tilẹ̀ mọ̀. Ẹni ọjọ́ orí ìyá yín, tí àyà rẹ̀ kò dára tẹ́lẹ̀, ó lè pa á."

Ó wá sọ ohun tí a ó ṣe. Kí a yí àgbá sókè dé ìwọ̀n ooru ọgọ́ta, kí a sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀, kó má ṣe jẹ́ ti ọjọ́ kan. Bí omi bá ti gbóná, kí a ṣí gbogbo ẹnu ẹ̀rọ inú ilé, títí kan ti yàrá òkè, kó ṣàn jáde pẹ́ pẹ́. Kí a ṣí fèrèsé, kí ẹnikẹ́ni má dúró síbẹ̀ kó máa mí ooru rẹ̀ sínú. Kí a tú orí ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi, kí a rẹ ẹ́ sínú ọtí kíkan, kí a ha ìpẹ́ funfun inú rẹ̀ kúrò. Bí a bá fẹ́ wẹ̀, kí a fi omi tútù là á, nítorí ọgọ́ta lè bó ènìyàn lára.

"Títí ẹ ó fi ṣe gbogbo rẹ̀, kó má dúró lábẹ́ omi yẹn. Bó bá tún kó o lẹ́ẹ̀kejì, mi ò lè ṣèlérí ohunkóhun fún yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni, dókítà. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ṣeun."

Rachidath nu ọwọ́, ó pa fóònù. Mo rò pé ó máa dìde lọ sídìí àgbá. Ó mú iṣu mìíràn.

"Tántì, ẹ gbọ́ ohun tó sọ," mo ní.

"Etí mi kò di. N ó sọ fún Alájì."

Alájì dé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó yọ fìlà, ó fi lé orókún.

"Dókítà yẹn, ṣé ó bá wa sin òkú ni?"

"Ó ní ó lè pa Màámá, Bàbá," mo sọ láti inú yàrá mi.

Kò wo ibi tí mo wà. "Ìyá mi jókòó opó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí kan náà. Èmi ni mò ń fa omi rẹ̀ láti inú kànga. Ó tutù débi pé ètè rẹ̀ á máa gbọ̀n. Kò kú. Ohun tí ìyá mi fara dà, ṣé ọmọ ẹlòmíràn ni kò ní lè fara dà á? Yàrá òkè ńkọ́? Bí a bá ṣí i lónìí, lọ́la ẹnìkan á ní nǹkan òun sọnù níbẹ̀." Ó dé fìlà padà. "Kí Ìyá Rachidath máa fi garawa wẹ̀ títí ìyàwó á fi jáde. Kí ló le nínú ìyẹn?"

Lóòótọ́, kò le. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, títí Màámá fi dé.

Ó ti rù. Aṣọ rẹ̀ ń fẹ́ lórí rẹ̀ bí aṣọ tí a sá. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí ẹní, ó gba ọwọ́ mi, ó ní òun fẹ́ sinmi lónìí, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti mọ́, abẹ́ omi Yasser lòun ń lọ tààrà. Mo sọ ohun tí dókítà sọ fún un. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fi garawa wẹ̀.

"Garawa kì í pariwo, Fadila."

Mi ò lóye.

"Ìyá kì í sunkún ọmọ rẹ̀ ní gbangba. O mọ̀ ọ́n. Wọn kò jẹ́ kí n dé ibi tí wọ́n sin ín sí. Bí mo bá sọkún níwájú Rachidath, á ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, á ní n ó fa ikú àwọn ọmọ tó kù. Abẹ́ omi yẹn nìkan ni. Bó bá ń rọ̀, ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ mi." Ó pa ojú dé. "Má gba ìyẹn lọ́wọ́ mi."

Mo ti ń gbọ́ ọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti kó mi wá sí yàrá náà ni mo ti ń gbọ́ ọ láti ara ògiri, mo sì rò pé orin ló ń kọ.

Ó sùn lọ. Rachidath ti lọ sọ́jà. Mo dúró níwájú àgbá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń wò ó. Ó funfun, ó sì yọkùn bí àlejò tó ti jẹun yó. Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Wọ́n á ní mo ti ń fẹ́ ọkùnrin. Wọn ò ní sọ ọ̀rọ̀ mìíràn nípa mi mọ́ ní Djègan-Kpèvi, bóyá títí n ó fi kú. Mo sì ronú nípa oṣù kan mi, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀sẹ̀. Bí mo bá fọwọ́ lẹ́rán, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ojú ọ̀nà.

Mo yí bọ́tìnì náà sókè.

Mo gun àpótí nílé ìwẹ̀ Màámá, mo tú orí ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi, mo rẹ ẹ́ sínú ọtí kíkan tí a fi ń jẹ sàláàdì. Ìpẹ́ inú rẹ̀ jáde bí èépá ojú egbò. Nígbà tí àgbá ti gbóná dáadáa, mo ṣí fèrèsé ilé ìwẹ̀, mo ṣí ẹnu ẹ̀rọ, mo sáré jáde, mo fa ìlẹ̀kùn dé. Omi náà ń ṣàn lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìdajì iṣẹ́ ni mo ṣe. Ọ̀pá tó gun òkè ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú omi àtijọ́ inú rẹ̀, àgádágodo sì wà lẹ́nu yàrá.

Láti àgbàlá ni Rachidath ti rí ooru tó ń jáde lójú fèrèsé.

"Yé! Ta ló ń se ẹ̀kọ nílé ìwẹ̀?" Ó wọlé, ó rí mi, ó sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀. "Ah. Ìyàwó wa! O ò lè mú u mọ́ra fún ìwọ̀nba tó kù? Ta ní ń dúró dè ọ́ ní Houinmè tí ara rẹ fi ń wá omi gbígbóná?"

"Tántì, ẹ̀yin náà gbọ́ ohun tí dókítà sọ."

"Mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ti Alájì náà. Èwo nínú méjèèjì ló ń bọ́ wa?"

Ó pè é. Alájì dé kí wọ́n tó kí ìrun Alásárì. Ó gbé àga sí iwájú àgbá gan-an, ó jókòó. Màámá ti jí, ó fara ti férémù ìlẹ̀kùn rẹ̀.

"Ṣé ìwọ lo yí i?"

"Èmi ni, Bàbá." Mo kúnlẹ̀.

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí Màámá."

"Gbogbo opó tó bá bàjẹ́ ló ń rí ẹni tó fi ṣe àwáwí." Rachidath rẹ́rìn-ín, ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó sì gbé ẹ̀rín náà mì. Alájì ń bá a lọ. "O ti ba opó rẹ jẹ́. Kí o tún un jókòó. Láti ìbẹ̀rẹ̀. Òní ni ọjọ́ àkọ́kọ́."

Ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà tutù lábẹ́ orókún mi. Mo mọ̀ pé àfáà kankan kò lè fi ìyẹn hàn mí nínú ìwé. Mo lè ní kí wọ́n lọ pe àfáà. Wọ́n á ránṣẹ́ sí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á jíròrò lọ́sẹ̀ kejì, Màámá á sì wẹ̀ lọ́la.

"Bàbá, bí mo bá tún un jókòó, kí wọ́n máa bu omi tèmi láti inú kànga, bí ti ìyá yín. Kí àgbá jẹ́ ti Màámá nìkan. Kó máa gbóná. Kí ẹ sì ṣí yàrá òkè kí omi tó wà nínú ọ̀pá yẹn lè jáde, lónìí."

Ó wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ṣé o mọ ohun tí ò ń sọ?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Rárá o!" Màámá ló sọ̀rọ̀. "Ọkọ mi, ẹ yí i wálẹ̀ padà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí parí tirẹ̀ kó máa lọ. N ó fi garawa wẹ̀. Mo ti gbà."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ìlẹ̀kùn kan ṣí fún mi níbẹ̀, mo rí i, mo rí ìyá mi tó dúró sójú ọ̀nà Adjarra.

"Màámá, ẹ fi Yasser búra fún mi pé ẹ kò ní wọ abẹ́ rẹ̀."

Ó la ẹnu. Ètè rẹ̀ gbéra láti pe orúkọ náà. Ó tún pa á dé, ó sì wolẹ̀.

"Bàbá," mo ní, "ẹ ṣí yàrá náà."

Wọn kò jẹ́ kí n gòkè. Mo dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, mo gbọ́ tí àgádágodo já wálẹ̀, mo gbọ́ tí wọ́n ń fi agbára ṣí fèrèsé wa. Òórùn yàrá náà sọ̀ kalẹ̀ bá mi, òórùn aṣọ rẹ̀ àti ti ìpara tó máa ń fi pa irùngbọ̀n. Mo di àtẹ̀gùn mú. Ẹ̀rọ òkè kọ́kọ́ kùn, ó tutọ́, ó dákẹ́, ó tún tutọ́. Rachidath kígbe pé omi náà pupa bí omi irin. Ó ṣàn títí. Nígbà tó ṣe, ó kígbe pé ó ti mọ́, pé ó ń gbóná, wọ́n sì sáré jáde síta yàrá.

Alájì ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó dúró lórí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀, mo rò pé ó fẹ́ sọ nǹkan fún mi.

"Bàtà rẹ̀ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì," ló sọ. Ó kọjá lọ.

Mo pe Murielle ní ìrọ̀lẹ́. Mo ní kó wá ẹlòmíràn tí wọ́n á jọ máa dirí. Ó bú mi, ó bú ilé ọkọ mi, ó bú àgbá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Mi ò rí ohun tí mo lè sọ fún ìyá mi, mi ò sì pè é.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Màámá wọ ilé ìwẹ̀. Mo gbọ́ tí omi ń rọ̀ sórí rẹ̀. Rachidath wọ yàrá mi, ó gbé garawa omi kànga dání. Ó gbé e kalẹ̀, kò sì lọ.

"Ó tutù o."

"Mo mọ̀, Tántì."

Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Kí n gbé ìkòkò kan kaná fún ọ? Alájì kò sí nílé."

Mo wo omi náà. Ewé máńgòrò kékeré kan léfòó lójú rẹ̀.

"Ẹ má ṣe é. Bó bá gbọ́, á tún yí àgbá Màámá wálẹ̀."

Ó jáde, ó rọra fa ìlẹ̀kùn dé. Mo bọ́ aṣọ dúdú mi. Mo bu igbá àkọ́kọ́, mo di eyín pọ̀, mo sì dà á sí èjìká.